Ìbàdàn 1965 Lórí Tábìlì

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí tábìlì ńlá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, èyí tí àwọn ọmọ ti yí ká láti àárọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní ìlú New York yìí. Èmi kì í ṣe olùkọ́, èmi kì í sì í ṣe òpìtàn. Ṣùgbọ́n èmi àti àwọn ọmọ mẹ́rìnlá ti fi ọjọ́ Sátidé ọdún kan àti ààbọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, mo sì rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó wà níhìn-ín gbọ́.

Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀nà mọ́tò kéékèèké ni. Wọ́n la ihò tóóró sí àárín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, iná mànàmáná sì ń gba ara wọn kọjá. Mọ́tò ní ẹsẹ̀ kékeré kan lábẹ́ tó wọ inú ihò, òun ló ń mú un tọ ojú ọ̀nà. Irin pẹlẹbẹ méjì lábẹ́ mọ́tò ń fara kan irin ojú ọ̀nà, wọ́n ń gba iná fún ẹ̀rọ tó ń yí táyà. Ohun tí awakọ̀ dì mú lọ́wọ́, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ni mọ́tò yóò ṣe sáré tó. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù ní kọ́nà, mọ́tò á fò kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ "Yéè!" lẹ́yìn níbẹ̀.

Eré yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1957 ni ọkùnrin kan ní Ìlú Ọba, Fred Francis, gbé irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Scalextric jáde. Ní ìhà tiwa níbí, ilé iṣẹ́ Aurora, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brooklyn ní 1950 tó sì ṣí lọ sí West Hempstead ní Long Island, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó kéré gan-an ní 1960, tí ènìyàn lè tẹ́ sórí tábìlì oúnjẹ. Nígbà tó di 1965, Frank Perri, tí gbogbo ayé ń pè ní Buzz, ṣí ilé eré mọ́tò kan sí Church Avenue ní Brooklyn. Ó pè é ní Buzz-A-Rama. Ìran ọmọ Brooklyn mélòó kan ló fi ibẹ̀ ṣe ibùdó eré kí ó tó kógbá sílé. Ẹ fi ọdún 1965 yẹn sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a.

Ìlú yìí náà fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ́ ìlú kékeré. Bí ẹ bá dé Queens Museum ní Flushing Meadows, ẹ óò rí gbogbo New York nílẹ̀ níbẹ̀, Bronx, Brooklyn, Manhattan, Queens àti Staten Island. Robert Moses ló ní kí wọ́n ṣe é fún Ìpàtẹ Àgbáyé ti 1964. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ. Ilé tó wà lórí rẹ̀ tó 895,000, ẹsẹ̀ bàtà 100 lójú ayé sì jẹ́ íǹṣì kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ lè lọ sí ọgbà ewéko ńlá ti New York ní Bronx. Láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ rélùwéè kéékèèké níbẹ̀, èèpo igi, ewé gbígbẹ àti èso ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ilé ìlú yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè náà.

Mo kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ sí Queens. Kí ni ẹ rò pé olúkúlùkù wọn ń wá? Ilé tirẹ̀ ni. "Ibi tí mò ń gbé nìyí!" "Ilé ìwé mi nìyẹn!" Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́sàn-án yíjú sí mi, ó bi mí pé, "Ìbàdàn ti dádì mi ńkọ́? Ṣé àwọn náà ní mọ́tò nígbà yẹn?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn ló bí tábìlì yìí. Ọmọ náà kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n nípa ilẹ̀ wa ló sọ. Bàbá rẹ̀ tó yẹ kó sọ òmíràn fún un ń wa takisí wákàtí méjìlá lóòjọ́, oorun ló sì máa ń bá a délé.

A wá pinnu pé a óò kọ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn ọdún wo? Ìlú kan kì í wà lójú kan. Bí ènìyàn bá kó ohun 1950 àti ohun 1980 pọ̀ sórí tábìlì kan, kò tíì kọ́ ìlú kankan, ọjà àgbàtà ló pa. Nítorí náà a fi òfin kan lélẹ̀: ohunkóhun tí kò bá tíì sí ní Ìbàdàn ní 1965 kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì yìí.

Kí ló dé tó jẹ́ 1965? Ọdún náà ni wọ́n parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, àjà 26, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105. Kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí ọmọ Brooklyn ṣe ń sáré mọ́tò kéékèèké ní Church Avenue lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìbàdàn ń gbójú sókè ní Dùgbẹ̀ tí fìlà rẹ̀ ń já bọ́. Ilé awòṣífìlà kì í ṣe ti New York nìkan.

Òfin ọdún kan yìí le ju bí ẹ ti rò lọ. Gbọ̀ngàn Mápó wọlé, nítorí 1929 ni wọ́n ti ṣí i. Ilé Ìṣọ́ Bower wọlé, 1936. Ibùdókọ̀ rélùwéè wọlé, nítorí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901. Ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n wọlé, nítorí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 1959, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Pápá ìṣeré Liberty ti wà láti 1960. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì Premier tó wà lórí òkè Mókọ́lá, 1966 ni wọ́n ṣí i, a kò lè fi ṣe ohun tó ti parí. Bí a bá ń kọ iye owó sára ìsọ̀, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ìgbà àtijọ́ ni, nítorí náírà kò dé títí di January 1973. Bàbá kan mú Peugeot 504 kékeré wá fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wo ìwé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 1968 ni èyí jáde. 403 àti 404 la lè gbà." Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ padà sínú àpò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ó wá kan ìṣirò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi ṣe é. Mọ́tò wa kéré ju ti gidi lọ ní ìlọ́po 64 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, a sì mú 64. Ènìyàn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 yóò di bí 2.7 lórí tábìlì, kò ju íǹṣì kan àti díẹ̀ lọ. Volkswagen ìjàpá, tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 4 díẹ̀, yóò di sẹ̀ǹtímítà 6 àti díẹ̀. Cocoa House ńkọ́? Mítà 105, ẹ pín in sí 64. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 164. Tábìlì nìkan ga ní 75, àpapọ̀ wọn jẹ́ 239. Àjà yàrá ìsàlẹ̀ ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́ kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ìyẹn bíi 213. Cocoa House yóò lu òkè ilé jáde!

Kí la ṣe? A lo ọgbọ́n ojú. Ohun tó bá jìnnà a máa kéré lójú ènìyàn. A pín ti Cocoa House sí 150 dípò 64, ó wá di sẹ̀ǹtímítà 70, a sì gbé e sí ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn ilé iwájú tóbi, àwọn tàárín kéré díẹ̀, tẹ̀yìn kéré jù lọ. A tún jẹ́ kí ọ̀dà àwọn ilé ẹ̀yìn ṣì díẹ̀, nítorí ohun tó bá wà lókèèrè kì í mọ́ kedere lójú bí èyí tó súnmọ́ wa. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí ojú yín bá tábìlì dọ́gba, ẹ óò rí i pé ó jìnnà bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ rélùwéè.

Iṣẹ́ tó gbà wá lákòókò jù ni òrùlé. Ẹni tó bá ti gun òkè Mápó mọ ohun tí mò ń wí: páànù ni, lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo rẹ̀ pọ́n. Ìlà ara páànù gidi máa ń fi bí íǹṣì 3 jìnnà síra wọn. Bí ẹ bá pín in sí 64, kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Fọ́ìlì tí àwọn ìyá wa fi ń bo oúnjẹ la gé, a fi ìyàrí eléyín wẹ́wẹ́ fa ìlà sí i lára, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Lẹ́yìn náà a po ọ̀dà ilẹ̀ mọ́ omi púpọ̀ títí ó fi ṣàn bí omi ẹ̀kọ, a dà á láti òkè òrùlé, a sì jẹ́ kó ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí òjò ti ń ṣe. Ibi tí ìṣó wà àti etí ìsàlẹ̀ ni ìpẹtà máa ń mú, ibẹ̀ náà la ti fi ọ̀dà kún un.

Ìyá kan tó dàgbà ní Òjé dúró wo òrùlé wa, ó ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pọ́n bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé wa, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàrá ẹni tí ọmọ rẹ̀ rí ṣe wà, páànù tuntun ló wà lórí rẹ̀, ó ń dán gbirin. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kẹta ń jò." Àwọn ọmọ bi í pé báwo ni ilé kan ṣe lè ní òrùlé mẹ́ta. Ó jókòó, ó ṣàlàyé agbo ilé fún wọn, ẹni tí ń gbé ojúlé kìn-ín-ní, ẹni tí ń gbé ìkejì, ibi tí wọ́n ti ń dáná, ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá sí. Odidi wákàtí kan ni. Èmi kò lè rí ẹ̀kọ́ yẹn rà ní ọjà kankan ní New York.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọgbọ́n iṣẹ́ díẹ̀ kún un, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ dán an wò nílé. Èkíní, ẹ má lo ọ̀dà tó ń dán. Bí ilé kékeré bá ń dán, ojú yóò mọ̀ kíá pé ohun ìṣeré ni. Èkejì, ilẹ̀ pupa Ìbàdàn kò sí ní Bronx, ṣùgbọ́n bíríkì pupa pọ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń wó ilé. Mo lọ̀ ọ́ ní ìta pẹ̀lú ìbòmú, a fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin kù ú, a fi gúlúù funfun tí a po mọ́ omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi sẹ́lótéèpù bo ojú ọ̀nà o, nítorí bí eruku bá bo irin ojú ọ̀nà, iná kò ní dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Ẹ̀kẹta, ẹ má kọ́ ilé sún mọ́ ẹ̀yìn kọ́nà jù. Ìdí mọ́tò máa ń gbá síta bó bá ń yí kọ́nà, yóò sì wó ìsọ̀ ìyá oníyá. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí àwọn ilé ṣeé gbé kúrò, kí ọwọ́ lè dé ibi tí mọ́tò bá ṣubú sí.

Mo ti ń bọ̀ wá sí ibi tí mò ń lọ. Ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní ojú ọ̀nà wa nígbà yẹn ni bọ́lẹ̀kájà. Ẹ̀yin ọmọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "bọ́ sílẹ̀ kí á jà". Orí àti ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, bíi Bedford, Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń kó o wá, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà tiwa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, wọ́n á kun ún, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí iwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan mẹ́fà, wọ́n kọ "Sùúrù Lérè" sí ọ̀kan, wọ́n kọ "Ayé Ń Lọ" sí èkejì. Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Dùgbẹ̀.

Ní ìgbà òtútù náà, bàbá kan wá láti Ìbàdàn láti wo ọmọ rẹ̀ ní Bronx. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, wà nínú ẹgbẹ́ wa. Bàbá kò gbọ́ òyìnbó, ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, "ẹ káàárọ̀ sà" àti "ó dàárọ̀ sà" nìkan ló sì ń kọjá láàárín wọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo, ẹ̀yin ará. Ẹ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n mú bàbá dání wá gbé ọmọ náà. Ó rí tábìlì. Ó súnmọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó fún ìgbà pípẹ́, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó nàka sí àwọn bọ́lẹ̀kájà, ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n dúró síbí?"

Àwọn ọmọ dáhùn pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mọ́tò máa ń dúró sí.

Bàbá ní, "Ní 1965? Apá òsì là ń gbà! Awakọ̀ tó bá gba ibi tẹ́ ẹ gbé e sí yìí, ó ti forí gbárí kó tó dé Mókọ́lá."

Òtítọ́ ni. Láyé ìjọba òyìnbó àti lẹ́yìn òmìnira, apá òsì ni Nàìjíríà ń gbà bíi ti Ìlú Ọba. Àwọn tó yí wa ká, Dahomey tó di Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon, ń gba ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì oṣù April 1972, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni gbogbo orílẹ̀-èdè wa yí padà sí ọ̀tún. Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn kò bá a rí. Bàbá yìí wa ọkọ̀ ní òsì, ó sì wa ọkọ̀ ní ọ̀tún.

Ó bọ́ kóòtù. Ó ní kí wọ́n wá àga fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, bó ti ń gbé wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni òun kọ́kọ́ jẹ́, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè, yóò fò sílẹ̀ yóò fi igi náà há ìdí táyà kí ọkọ̀ má bàa yí padà sẹ́yìn. Ó bi wọ́n pé, "Igi tiyín dà?" Kò sí igi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ mú èérún pákó kan, ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó gbẹ́ ẹ, kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Ó ní, "Bàbá, ṣé báyìí ni?"

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Bàbá mú ìwo ojú rẹ̀ jáde, ó yẹ igi náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó tinrín sí i. Bí kò bá tinrín, kò ní wọlé sábẹ́ táyà." Ọmọ náà bi mí kí ni "tinrín". Mo fi ọwọ́ júwe fún un. Ó tún un gbẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò pa Sátidé kan jẹ títí tó fi padà sílé. Ó kọ́ wọn ní orúkọ ohun ara ọkọ̀, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di àpò kòkó kí ó má baà ṣubú, àti bí wọ́n ṣe ń pe èrò. Òun ló sọ fún wọn pé apá ọ̀tún ni sítíárìn gbọdọ̀ wà, wọ́n sì ṣí orí àwọn mọ́tò tí a rà ní ilé ìtajà níbí, wọ́n yọ sítíárìn kúrò lósì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún. Bàbá ti wà ní Ìbàdàn báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń pè é lórí fóònù, kò dúró kí bàbá rẹ̀ fi agídí mú un mọ́. Ìbéèrè ló máa ń kó dání.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kù, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá wo tábìlì dáadáa yóò bi wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láàárín ilé méjì, ilẹ̀ kan wà tó dúdú, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé 1965 lẹ lẹ́ ń kọ́? Ṣé ẹ ò ní fi wẹ́tìẹ̀ sí i ni?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ní October 1965 ni wọ́n dìbò ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wọ́n yí ìbò náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, sí mọ́tò, àní sí ara ènìyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀. Kò dáwọ́ dúró kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní January 1966.

Bàbá kan ní kí a fi í sílẹ̀, pé ọmọdé ni wọ́n. Òmíràn ní ọkọ̀ bàbá òun wà lára èyí tó jóná, òun kò sì tíì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ òun rí. A jíròrò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Níkẹyìn, a kò fi mọ́tò jíjó síbẹ̀, a kò sì fi iná síbẹ̀. A lọ èédú díẹ̀, a kù ú sí ilẹ̀ kékeré yẹn, ó tán. Ọmọ tó bá bi wá, àgbà kan yóò jókòó tì í, yóò sọ fún un. Bí a bá sọ fún àwọn ọmọ pé gbogbo ohun tí a fi sílẹ̀ nílé ló dùn, wọn kò ní gbà wá gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Wọn kò tilẹ̀ ní mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi rìn jìnnà tó báyìí.

Àwọn òbí kan wí fún mi pé, "Ìwé la ní kí wọ́n wá kà, ẹ ń kó wọn ṣeré." Mo gbọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, nítorí mo mọ ohun tí a ń ṣe níbí kí ọmọ tó lè kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi 64 pín gbogbo ilé Dùgbẹ̀, ìṣirò ló ń ṣe. Ọmọ tó wá ibi tí iná ti já lójú ọ̀nà, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́. Ọmọ tó mọ̀ pé 1968 ni 504 jáde, ìtàn ló kà. Èyí tó sì pé e jù ni pé ó ti mọ bí a ṣe ń bi àgbà ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn. "Báwo ni Nàìjíríà ṣe rí?" wúwo fún ẹni tó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n "Dádì, àwọ̀ wo ni ìlẹ̀kùn ilé yín?" Bó ti wù kó rẹ bàbá tó, yóò dáhùn ìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an la fi kọ́ ìlú yìí. Mo lè fi owó ra pákó, ọ̀dà àti mọ́tò. Pé apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà, pé òrùlé agbo ilé kan lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta, pé igi há ìdí táyà, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan la ti gbọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1965 ti lé ní ọgọ́rin ọdún lónìí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Ẹ̀yin àgbà, bí fọ́tò àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọdún, ibi tí wọ́n ti yà á àti orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ kí ó má baà ba fọ́tò jẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá dá a lóhùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlàjì ló gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá kúrò níhìn-ín, ẹ lọ bá àgbà kan nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ wọ̀ láyé yín?" Kí ẹ wá sọ ìdáhùn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn níbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti 1965 tàbí ṣáájú rẹ̀, a óò kan án.

Èdùmàrè yóò dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí. Yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ilé, kí ọ̀nà wọn sì là níbi gbogbo.